Ajá Tí Mo Gbé Wá fún Ìlérí

Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹ kú làálàá Èkó, Olúwa tó jí yín lónìí kò ní jẹ́ kí ẹ fi ẹkún sùn. Ìlérí ọmọ ọmọ mi ńkọ́? Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ béèrè kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ayédùn níbí, ògiri ẹ̀yìnkùlé ti wó díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí àyè rò ó.

Tíṣà Fọlábí ka ìwé àyẹ̀wò tí o ya ní fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ kejìlá rèé tí ìgbẹ́ gbuuru ti mú ọmọ ọdún kan àti oṣù méjì, tí ẹ̀jẹ̀ tún ń hàn nínú rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn? Tíṣà ní kòkòrò àìfojúrí tó ń bá a jà ń jẹ́ Kanpilóbákítà Ọpsalíẹ́nsìsì. Kòkòrò tí ojú ò rí, tó tún ní orúkọ àti orúkọ bàbá. Mo bi í pé ọmọ ìlú ibo ni. Ó ní ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń ti ara adìyẹ wá, gbogbo dókítà ló mọ ìyẹn, àbúrò yìí ni kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí. Ó ní ìdí nìyẹn tí ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò fi rí i, pé oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún kòkòrò níbẹ̀ kó lè pọ̀ tí wọn á fi rí i, ẹ̀gbọ́n ló bá lára mu. Bọ́sẹ̀dé, ṣé wọ́n ń bọ́ ọ ni? Ohun tó ń da ọmọ wa láàmú, ebi ló yẹ kí wọ́n fi pa á. Rọra bá wọn sọ ọ́, má bá dókítà jà.

Ibi tó kàn ló já mi láyà. Tíṣà ní o kọ ọ́ pé inú ajá, pàápàá ọmọ ajá, ni àbúrò yìí máa ń gbé, pé dókítà bi ọ́ bóyá ọmọ ajá kankan ń sún mọ́ Ìlérí, o sì dáhùn pé, "Rárá, ìta la ń so tiwa mọ́." O ní àárò mi lẹ kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é, torí ọ̀sẹ̀ tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín ní Agége ló bẹ̀rẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Èmi wọ yàrá lọ.

Mi ò lè ní kí Tíṣà bá mi tẹ èsì yìí, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí ojú ọ̀run ni ohùn ń gbà kọjá, ta ló mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ lókè lọ́hùn-ún. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ni mo fi ń kọ ọ́.

Tanímọ̀la, ọmọ ajá tí mo gbé wá fún Ìlérí nínú apẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fún eré lásán. Nílé wa níbí, tí ọmọ bá ti ṣu, ajá là ń pè kó wá lá ìdí rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn. Nígbà tí mo rí bí o ṣe ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, àánú rẹ ṣe mí. Tí o bá ti lọ síbi iṣẹ́ ní Orẹ́gùn, màá tú okùn ajá, màá pàtẹ́wọ́ pè é, mo kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Tó bá ṣe tán nídìí, á lá ọwọ́ ọmọ, á lá ẹnu rẹ̀, Ìlérí á máa rẹ́rìn-ín. Màá so ó padà kí o tó dé, kí o má baà pè mí ní ọ̀bùn.

Wọ́n ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo da á, kí ló dé tó jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló tọ̀ lọ?

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá gbé ajá náà lọ. Má fi sí báńkì o, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà wọn gbé káàdì mi mì láti ọdún tó kọjá, kò tí ì bì í. Awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ayédùn ni kí o fún. Bí ó bá ṣẹ́ kù, fi ra omi àti ọṣẹ.

Olúwa tó fi Ìlérí ta wá lọ́rẹ kò ní gbà á padà. Á dàgbà, á gbọ́n, á bi mí léèrè ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí, màá sì kúnlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n dókítà ò lè mọ ohun tí a ò sọ fún un. Tó bá tún bi ọ́, má sọ pé rárá mọ́. Sọ pé ìyá rẹ ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.