Ilà Tí Ọkọ Mi Lọ Pa Rẹ́

Sátidé, 9 Oṣù Kọkànlá, 1985. Bódìjà.

Màmá ọkọ mi dé láti Ṣakí lónìí. Ọ̀gbẹ́ni sá wọ yàrá, ó ní orí ń fọ́ òun. Orí wo? Ojú rẹ̀ ló ń gbé pa mọ́.

Máníjà! Àtìgbà tí wọ́n ti fún un ní ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀ ni pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń tì í lójú. Ó ní kọ́sítọ́mà á máa wo òun bí ará oko. Ló bá lọ bá dókítà pé kó gé ilà náà kúrò.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń bi í léèrè. Dókítà ní awọ ẹlòmíì wà, bí ọgbẹ́ bá jinná tán, àpá rẹ̀ á tún máa wú ni. Ṣé ó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí? Ọkọ mi ní rárá o. Ẹni tí àpá eéwo àyà rẹ̀ wú rọ̀gọ̀dọ̀ bí èkùrọ́! Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Ó káre. Pélé tí èèyàn ò rí àfi tó bá sún mọ́ ọn ti yọ síta báyìí bí ìka ọmọ tuntun. Pọ́dà mi tó ń jí lò ò sì bò ó.

Nígbà tó jàjà jáde nírọ̀lẹ́, Màmá di ojú rẹ̀ mú, wọ́n ń fi àtàńpàkò pa àpá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú wọn dùn.

"Ọmọ mi, ta ló bá ọ tún ilà yìí kọ? Ó mà ṣeun o. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn ò hàn tó."