Ọ̀gá Pàdánù, A Lọ Bá A Dárò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí àga tí o ń jókòó lé ní ilé ìfowópamọ́ yẹn, kí ó má ṣe yẹ̀ nídìí rẹ. Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Fóònù rẹ kò ṣe é pè mọ́. Ọmọbìnrin kan ni ó máa ń gbé e, á ní o kò sí nítòsí. Mo bi í pé ta ni ìyá rẹ̀, kò dáhùn. Mo ní kí ó sọ fún ọ pé nǹkan kò rọrùn nílé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ni ó tún sọ. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni o fẹ́ fẹ́, jọ̀wọ́, kọ́kọ́ kọ́ ọmọbìnrin náà bí a ti ń kí àgbà.

Ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọ̀gá kó gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ní ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ti dẹnu kọlẹ̀, ó ní àwọn kan lókèèrè fi owó tí kì í ṣe tiwọn ta tẹ́tẹ́, owó náà sì wọmi. Òun náà ti pàdánù, kí kálukú máa lọ sílé. Ọmọ mi, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ara mi, nítorí Ọ̀gá ni. Mo ní kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Àwa tí ó lé lẹ́nu iṣẹ́ wọ aṣọ dúdú, ìyàwó awakọ̀ tó ń kó búrẹ́dì wa mú adìẹ rẹ̀ kan ṣoṣo dání, a lọ bá a dárò.

Àwọn bíríkìlà wà lókè ilé rẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ di alájà mẹ́ta. Mo rò pé kí àyè lè gba àwọn abánikẹ́dùn ni. A ní kí Ọlọ́run fi òfò ra ẹ̀mí; ó ṣe àmín, ó sì gba adìẹ náà. Mo wá rọra bi í pé kí ni ó sọnù gan-an. Ó ní èrè ọdún yìí kò tó ti èṣí. Mo ní ṣé kò sí ohun tí ó jáde lọ́wọ́ yín? Ó ní kò lè yé mi. Lóòótọ́ ni, kò tíì yé mi títí di òní.

Ohun tí ó yé mi ni èyí tí mo ń fi ojú rí. Bàtà kún iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń tún bàtà ṣe, kò sẹ́ni tí ó wá gbà á. Onígbàjámọ̀ ń gẹ irun láwìn; ó ní irun kò gbọ́ pé kò sówó, ṣe ni ó ń hù. Àwọn ọmọ aránṣọ kò pariwo eré mọ́, ebi ti gba ariwo lẹ́nu wọn. Bàbá rẹ ń wọ aṣọ iṣẹ́ ní gbogbo òwúrọ̀, á gbọn ọwọ́ bí ẹni pé fùláwà wà níbẹ̀, á sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀kan nínú àwa òṣìṣẹ́ tí à ń pè ní Sọ̀rọ̀-sókè, nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í jáde, ni ó sọ níjọ́ kan pé Ọ̀gá nìkan ni ó ń ṣọ̀fọ̀, ààrò kò kú, ọwọ́ wa kò sì rọ. Ìyàwó awakọ̀ ní kí ó tún un sọ, kí adìẹ òun lè gbọ́ níbi tí ó wà. A gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ilé búrẹ́dì, bàbá rẹ dá iná. Láti ìgbà náà ni a ti jọ ń po fùláwà, tí a jọ ń pín búrẹ́dì, tí a sì jọ ń jókòó pinnu. Ẹni tí kò bá ní owó á gbé igi ìdáná wá, á mú búrẹ́dì lọ. Mo béèrè pé ta wá ni ọ̀gá. Wọ́n ní gbogbo wa ni. Kí n má baà rí ọ̀gá fín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó kí bàbá rẹ tó ní kí n dìde, pé èmi náà wà nínú ọ̀gá náà. N kò tíì mọ bí mo ṣe máa kí ara mi.

Àfi bí ọkùnrin méjì ṣe dé láti ilé ìfowópamọ́ rẹ, tí wọ́n ń wọn ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní Ọ̀gá ti fi ilé búrẹ́dì dúró fún gbèsè tí ó fi ń kọ́lé, àwọn yóò padà wá tì í pa ní ọjọ́ Ajé. Jìnnìjìnnì bo àwọn yòókù. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ mi wà níbẹ̀, búrẹ́dì ààrò yìí ni ó jẹ dàgbà, òógùn ìdí ààrò yìí ni a fi rán an níwèé, kò ní gbà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà wò mí, ó ní ọmọ àdúgbò yìí ni ẹni tí ó rán àwọn wá, òun ni ó júwe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún àwọn, pé èjìká ni a fi ń tì í kí ó tó ṣí. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní ènìyàn tí ó mọ ilẹ̀kùn náà pọ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá mi ṣàwàdà mọ́, ìyàwó awakọ̀ pàápàá.

Bí owó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra fùláwà. Èyí tí ó kù kò lè kọjá ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tí ọkùnrin yẹn wí, má rán ẹnikẹ́ni mọ́. Wá fúnra rẹ, gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bàbá rẹ yóò wà nídìí iná. Ìwọ ni kí o sọ fún un pé kí ó pa iná náà.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rán ọ ní iṣẹ́ tí o kò ní lè jẹ́ lójú bàbá rẹ. Kí ilẹ̀kùn má ṣe tì mọ́ ọ níbikíbi. Mo ti gé ìdí búrẹ́dì tí o fẹ́ràn sílẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ó ṣì ń sọ fún wọn pé kì í ṣe ìwọ.