Àbàwọ́n Ara Sùtánà Bọ̀ọ̀dá

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ìgàndó. Mi ò tíì pé oṣù kan l'Ékòó. Mo fọ sùtánà gbogbo ilé lónìí – ti Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé, ti Àǹtí Àtọ́kẹ́ ìyàwó wọn, ti Ayọ̀ ọmọ wọn, àti tèmi. Àbúrò màmá mi ni Bọ̀ọ̀dá. Àwọn ló gbà mí sílé kí n lè máa ti ibẹ̀ lọ sílé-ìwé. Aṣọ fífọ ni mo fi ń dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é; èmi ni mo mọ̀.

Àbàwọ́n kan wà lára ti Bọ̀ọ̀dá, ní ìbàdí ọ̀tún. Dúdú, ó ń yọ̀. Epo ẹ̀rọ, kì í ṣe epo ọbẹ̀. Mo fi ọṣẹ bó o, mo fi búlúù sí i, mo sá a. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí òjìji. Tíṣà ìṣirò ni Bọ̀ọ̀dá. Níbo ni tíṣà ìṣirò ti ń rí epo ẹ̀rọ?

Àǹtí wo àbàwọ́n náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n yí inú aṣọ síta, kó lè gbẹ dáadáa.

Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin lọ́tùn-ún, obìnrin lósì, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa. Ìgbà tí a forí balẹ̀, mo gbọ́ ọ – irin lórí táìlì, kọ́! Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá ló ti wá. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìbàdí wọn ṣe. Kò sẹ́lòmíì tó wo ibẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Ohun tí mo ti rí (mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ta ni mo mọ̀?):

Bọ̀ọ̀dá kì í jókòó àfi tí ẹ̀yìn wọn bá kan ògiri. Wọn kì í wọ kẹ̀kẹ́ tí èrò bá ti wà nínú rẹ̀. Àpá kan wà lápá òsì wọn, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Àǹtí sọ ìtàn rẹ̀ fún mi níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà. Lọ́dún tó kọjá, lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin, àwọn méjì lórí ọ̀kadà já àpò gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi ọ̀bẹ là wọ́n lápá. Ọ̀sán gangan. Àwọn èèyàn ń wò. "Látìgbà náà..." Àǹtí ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ki ṣíbí bọ pátá rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tún un ṣe dáadáa kó tó jókòó. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Ìbọn ni.

Èmi àti Bọ̀ọ̀dá ń bọ̀ láti ìsìn ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Sùtánà lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán. Àwọn ọmọkùnrin méjì yọ lẹ́yìn wa, eré ni wọ́n ń sá. Ọ̀kan ń pariwo, "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Aṣọ onífìlà ló wọ̀, fìlà náà bò ó lójú, nǹkan kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá yíjú, wọ́n ká sùtánà sókè – ìbọn ìléwọ́. Kúkurú, irin rẹ̀ rí gbágungbàgun, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kan níbì kan. Àwọn ọmọ náà ṣẹ́rí padà. Ọ̀kan já sí gọ́tà, ó dìde, ó sá lọ.

Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá ò gbọ̀n. "Ṣé o rí i? Ká ní mi ò gbé e dání ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó tinú mi wá. Kí n má purọ́ fún ìwé: apá ọ̀tún wọn, níbi tí ìbọn wà, ni mo rìn mọ́ títí a fi délé.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò rí káàdì ilé-ìwé mi.

Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Ìgbà ìjẹ́rìí. Bọ̀ọ̀dá dìde, wọ́n ní Olúwa tú àwọn ọ̀tá ká lójú ọ̀nà, wọ́n sá bí ẹni tó rí iná. Ìjọ ké Halelúyà. Wọn ò dárúkọ irin.

Ìyá Àdúrà, àgbà obìnrin tó ń ṣáájú wa nínú àdúrà, bi mí bóyá èmi náà ní nǹkan sọ. Mo mirí. Lọ́dọ̀ wa l'Ékìtì, "o" là ń pe bàbá àti ọmọ. Ní Èkó, ẹni tó bá gbàgbé "ẹ" ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Kí n tó tò ó lẹ́nu tán, ọ̀rọ̀ á ti kọjá. Ó rọrùn kí n dákẹ́.

Mo ti sọ ìbọn náà lórúkọ. Àlejò Kejì. Èmi ni àkọ́kọ́.

Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ja Rédíò lólè. Goodluck lorúkọ ẹ̀ gan-an, yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa, ó ń tún fóònù ṣe ní Ìkọ̀tún. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Rédíò, torí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Àkọ̀wọ́njọ ni wọ́n ti gba fóònù àwọn oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo ilé ń kí i kú ewu nídìí kànga.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Goodluck, ká ní o ní nǹkan lára ńkọ́?"

"Nǹkan bíi kí ni, Ọ̀gá Tíṣà? Ìbọn? Ọ̀gá, mẹ́ta ni wọ́n o. Tí n bá fa ọ̀kan yọ, wọ́n á fa mẹ́ta yọ. Fóònù ni wọ́n gbà ṣá. Ẹnu mi ṣì wà."

"Ìyẹn gan-an ló ń dùn wá," ni Àǹtí wí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá ò rẹ́rìn-ín. "Wọn ò tíì fi ọ̀bẹ là ẹ́ rí ni."

Mi ò mọ èwo ló jàre nínú àwọn méjèèjì. Mo rò ó títí oorun fi gbé mi lọ. Lọ́jọ́rú yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlejò Kejì, ẹ̀rù Èkó ò bà mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Òótọ́ nìyẹn náà.

Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń béèrè mi. Mo mọ aṣọ yẹn. Mo mọ fìlà ẹ̀.

Kò sún mọ́ mi. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú: "Wò ó, òfìfo ni o." Ó gbé káàdì mi sórí bẹ́ǹṣì, ó sún sẹ́yìn kí n tó mú un. Jibril lorúkọ ẹ̀. Ilé-ìwé yìí náà ló wà, Ìgàndó náà ló ń gbé. Káàdì já bọ́ lára mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Òun àti Mùíz ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń sáré mú un bọ̀ fún mi. Mùíz ló já sí gọ́tà. Ó ṣì ń tiro.

"Ibi àdúrà lẹ ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, àbí?" ni Jibril wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ ì bá pa mí nítorí káàdì."

Mo fẹ́ ní, kì í ṣe bàbá mi. Mo fẹ́ ní, má bínú. Ó ti lọ.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Àwòrán mi ló wà lára ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo fi wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ta ló sọ orúkọ ẹ fún un?"

"Ó wà lára káàdì, sà."

"Ta ló júwe ilé-ìwé ẹ fún un?"

"Ó wà lára káàdì."

"Ṣé o wá rí i báyìí?" Bí ẹni tó yanjú ìṣirò lójú pátákó. "Wọ́n ti mọ orúkọ ẹ. Wọ́n ti mọ ilé-ìwé ẹ. Ó ku ilé."

Òfin tuntun: ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ fọhùn kó tó fọwọ́ kan kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni o," kó sì dárúkọ. Pàápàá èmi. "Bí ológbò lo ṣe ń rìn, Ọmọ́tọ́ṣọ́. Mi ò fẹ́ àṣìṣe."

Àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nìyẹn.

Mo fọ sùtánà. Àbàwọ́n ti fẹ̀ sí i.

Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Mò ń kọ́ ariwo pípa. Nínú balùwẹ̀, omi ń dà. "Èmi ni o, Ọmọ́tọ́ṣọ́." Ohùn bí ti ẹ̀fọn. Rédíò dáhùn níta: "A ti gbọ́, jàre! Ṣé wọ́n ń pe orúkọ ní kíláàsì ni?"

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Bọ̀ọ̀dá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ṣí géètì. Rédíò yọ́ wá lẹ́yìn wọn – "Ọ̀gá Tíṣà mi!" – ó gbá wọn lẹ́yìn. Eré ni. Mo wà nídìí okùn aṣọ. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún wọn: ó ti wọ abẹ́ ẹ̀wù kí wọ́n tó yíjú. Mo rí ojú wọn. Kì í ṣe Rédíò ni ojú náà rí.

Lẹ́yìn náà ojú wọn padà bọ̀ sípò. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní dàgbà." Rédíò rẹ́rìn-ín wọlé lọ jẹun. Kò mọ ibi tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀. Ó ti wà lára wọn ní kíláàsì nìyẹn. Àwọn ọmọ á máa yọ sí wọn lẹ́yìn, wọ́n á máa fà wọ́n lẹ́wù...

Mo sọ ọ́ fún Àǹtí. Wọ́n ń gé ilá, wọn ò gbójú sókè. "Kó tó ní nǹkan yẹn, kì í sùn. Mo máa ń jí bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ́tí. Ó ti ń sùn báyìí." Wọ́n gé ilá díẹ̀ sí i. "Èmi ni mi ò sùn mọ́."

Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Màmá pè láti Ìjerò. Ṣé mò ń jẹun? Ṣé Bọ̀ọ̀dá ń tọ́jú mi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá sọ èyí tó kù, níbo ni màá máa gbé?

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́tà ń wọ́. Kí n ṣáà kọ ọ́.

Òjò ńlá. Wọ́n tú wa ká nílé-ìwé, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti tú tàwọn Bọ̀ọ̀dá náà ká. Àǹtí àti Ayọ̀ ti lọ sọ́jà Ṣáṣá. Mo délé, páànù ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sí i. Mo dúró níwájú kọ́tìnì. Mo ní, "Èmi ni o, Ọmọ́tọ́ṣọ́!" Mi ò gbọ́ ara mi. Mo tún un pa – mo pariwo débi pé ọ̀fun ta mí – mi ò pariwo báyẹn rí láyé mi. Mo ká kọ́tìnì.

Bọ̀ọ̀dá lórí àga, ẹ̀yìn wọn lára ògiri. Ẹnu ìbọn náà ń wò mí.

Ó dún.

Igi ẹnu ọ̀nà fọ́ lókè etí mi. Eruku. Òórùn bíi ti ìṣáná. Mo ti wà nílẹ̀, omi lábẹ́ mi, mi ò mọ̀ bóyá ti òjò ni. Mò ń rí ẹnu wọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí etí mi là, ohun tí mo gbọ́ ni, "Kí ló dé tí o ò fọhùn? Kí ló dé tí o ò fọhùn?" Omijé ń dà lójú wọn.

Mo fọhùn.

Ará ilé kankan ò jáde. Wọ́n rò pé àrá ni.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Ìgbà ìjẹ́rìí. Bọ̀ọ̀dá dìde. Mo rí àbàwọ́n náà láti ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n ní kí ìjọ bá àwọn yọ̀, Olúwa yọ ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn nínú ikú òjijì lọ́sẹ̀ yìí. Ohùn wọn ń gbọ̀n. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Ìjọ ké Halelúyà. Wọn ò sọ ẹni tí Olúwa yọ mí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá Àdúrà yíjú sí mi. "Ọmọ mi, dìde ká rí ẹ. Lọ́wọ́ ta ni Olúwa gbà ẹ́?" Bí wọ́n ṣe máa ń bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá jẹ́rìí nípa rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀tá ni wọ́n ń retí, tàbí ayé, tàbí Èṣù.

Mo dìde. "Lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá ni, mà."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́. Mo tún un sọ. Mo fi kún un: "Ìbọn wọn ni. Ó wà lára wọn báyìí."

Ìyá Àdúrà ní kí gbogbo ìjọ forí balẹ̀. A forí balẹ̀. Mo yọjú díẹ̀. Nínú gbogbo aṣọ funfun yẹn, Bọ̀ọ̀dá nìkan ló wà lórí ìdúró, ọwọ́ níbàdí. Wọn ò lè tẹ̀ ba. Tí wọ́n bá tẹ̀ ba, ó máa dún lórí táìlì.

Àǹtí ló dìde. Wọ́n kọjá sí apá ọkùnrin, ohun tí obìnrin kì í ṣe, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú ọkọ wọn bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ jòjòló. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Bọ̀ọ̀dá ká sùtánà, wọ́n gbé Àlejò Kejì lé ìyàwó wọn lọ́wọ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó forí balẹ̀. Kò dún.

Ìrọ̀lẹ́. Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ló gba ìbọn náà, ó ní òun ń mú un lọ fáwọn ọlọ́pàá. Ọlọ́run ló mọ ohun tí ìyẹn máa bí. Mo ti di ẹrù mi sínú báàgì, kí wọ́n tó ní kí n dì í. Kò tíì sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Mo kó aṣọ jáde láti fọ̀. Bọ̀ọ̀dá gba sùtánà wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé àpótí sí àárín ìta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n kẹ́yìn sí géètì.

Mo lọ pọn omi wá. Ìgbà tí mo padà, mo gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Mo gbàgbé láti fọhùn. Wọn ò wẹ̀yìn.