Iṣẹ́ Tí Bàbá Rán sí Kékeré

                                        Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ọsibítù Ńlá.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Kékeré, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti sàn díẹ̀? Ọmọ mi tó ń jẹ èékánná ńkọ́, ṣé ó ti fi í sílẹ̀ àbí ó ti jẹ ẹ́ dé ọrùn ọwọ́? Ẹ kú iṣẹ́ èbúté o, ẹ sì kú ooru. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Ìyẹn ni mo fi gbé bírò, torí kò sí bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀ pa lẹ́tà.

Bí o bá bi mí, mo wà. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Omijé nìkan ni kò wá. Látìgbà tí a ti sin Bàbá ni ara mi ti kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Aládùúgbò mi ní akọni obìnrin ni mí. Akọni kọ́ o, n kò kàn mọ nǹkan kan lára ni.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìsìnkú, kí o tó lọ, ni mo fẹ́ dáhùn. O ní Bàbá dùbúlẹ̀ sọ́sibítù títí, wọn ò bèèrè rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kékeré, wọ́n bèèrè rẹ. Ilé iṣẹ́ tiwa ni kò jíṣẹ́.

O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ò mọ ohun tí mò ń ṣe gan-an tí wọ́n fi ń sanwó fún mi. Gbọ́ ọ lónìí. O mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ wọ́ọ̀dù tí Bàbá wà, nítorí àìsàn tó ń ràn. Bí aláìsàn bá ní ọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ló ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà á wá tò sórí ìlà nínú kọ̀ǹpútà ńlá wa. Ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní ìránṣẹ́ á mú un lórí ìlà, á gbé e dé fóònù ará ilé. Bí ìránṣẹ́ bá ti ní "mo ti gbà", ìlà á pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó yẹ kó jíṣẹ́ tán kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Kíá-Kíá lẹ́yìn rẹ̀, ní ìlà ń falẹ̀ jù, kí ìránṣẹ́ máa sọ ọ́ ní kété tó bá ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀.

Ṣé o rántí bí o ṣe máa ń ṣe tí Màmá bá ń rán ọ níṣẹ́? Wọn ò tíì sọ ọ́ tán, wàá ti ní "Mo ti gbọ́ o!", wàá ti dé títì, wàá wá dúró síbẹ̀ máa họ orí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìránṣẹ́ wa ṣe. Iṣẹ́ pọ̀ jù fún un, ó dákú, ó jí, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìlà sì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, torí ó ti ní òun gbà á. Iná aláwọ̀ ewé, tó ń sọ pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, ló ń tàn lójú ẹ̀rọ tí mo jókòó tì. Mò ń wò ó, mò ń mu tíì.

Nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà ló gbé ẹjọ́ wá, tòun ti sálúbàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní àwọn aláìsàn ń ránṣẹ́, àwọn ará ilé ń sọ pé àwọn ò rí i. Orí ló yọ wá, ẹ̀rọ wọ́ọ̀dù ní ẹ̀dà tirẹ̀ nípamọ́. A tún ètò náà ṣe. Ní báyìí, bí ará ilé kò bá tẹ "Mo ti gbà" lórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní kúrò lórí ìlà, á máa padà wá ni.

Kíá-Kíá ní ká fi àwọn ti àtẹ̀yìnwá sílẹ̀, pé àwọn mìíràn tó ránṣẹ́ ti kú. Nọ́ọ̀sì wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n rán an sí ni? Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà jẹ́ ẹ." A fi ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ síwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé ó pẹ́ lọ́nà, mo sì tẹ bọ́tìnnì. A gbọ́ pé baálé ilé kan gbá bàtà ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń sáré lọ sọ́sibítù, ìyàwó náà sì wà ní kíṣìnnì tó ń bi í pé níbo ló ń gbé bàtà òun lọ. A rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni fóònù tèmi ti gbọ̀n lórí tábìlì.

Ohun tí Bàbá ní kí wọ́n tẹ̀ rèé: "Bá mi mú awò ojú mi wá, ó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Sọ fún Kékeré kó máa bọ̀. Mo mọ bó ṣe ń wa mọ́tò. Kó má sáré o, mo wà níbí."

N kò sunkún. Mo dojú fóònù délẹ̀, mo parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí n kò tẹ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà tún padà wá. Ó ń wá láàárọ̀, ó ń wá lọ́sàn-án, ó ń bá mi nínú ọkọ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí n sinmi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní mo ti gbà, nígbà tí n kò tíì jíṣẹ́? Ṣé kì í ṣe ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn? Ìwọ ni wọ́n rán mi sí.

Mo ti jẹ́ ẹ báyìí. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ọmọ mi. Awò ojú náà ṣì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, n kò gbé e kúrò. Kọ̀wé sí mi, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ kan péré, pé o ti gbọ́. Ìgbà yẹn ni n óò tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tí o bá fẹ́ wá fúnra rẹ kí a jọ tẹ̀ ẹ́, rọra máa bọ̀. Fóònù tún ti gbọ̀n báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá ní kí o má sáré o, àwọn wà níbí.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí wọ́n rán níṣẹ́,
                                        Àgbà.