Ta Ló Dá Yèyé Lóhùn Lọ́jọ́ Náà?

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ulé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí ẹ̀yin àti Bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ìlú òyìnbó níbí tutù débi pé eékún èèyàn kì í fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀. Mo kí Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn àbúrò mi, mo kí gbogbo ilé wa ní Ùró ní Ìkẹ́rẹ́, àti àwọn tó wà lóko kòkó tí wọn ò tíì wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì ya á. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ṣòro bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi, Yèyé pè mí, mo sì dá wọn lóhùn. Ẹnu ni mo fi dá wọn lóhùn, kì í ṣe ẹsẹ̀. Mo sì pọn Bùsọ́lá sẹ́yìn.

Ẹ dákun, ẹ jókòó gbọ́ èyí tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á sí wọn létí, ẹ má fo ibì kankan. Mo mọ̀ pé ó ti pé ọdún mẹ́fà tí a ti sin Yèyé, ìyá Bàbá. Orí mi pé.

Ẹ ó rí i pé mo fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn pẹ̀lú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé wa síta. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan wà ní Ìkẹ́rẹ́, tàbí tó ti kó lọ sí Adó tàbí Èmùrè, tó mọ nǹkan nípa ọ̀ràn yìí ju àwa lọ.

Ẹ rántí pé mo kọ̀wé ní oṣù tó kọjá pé mo ti rí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan ní yunifásítì tí Bàbá Bùsọ́lá ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Mùsíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ilé ńlá tí wọ́n ń kó nǹkan àwọn ẹlòmíràn pamọ́ sí. Wọ́n máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ láìgbowó, kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin òyìnbó àgbàlagbà tí kò lọ́kọ. Míìsì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní bí mo bá ṣe dáadáa, òun á bá mi sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ gidi ní ilé ìkàwé wọn. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ, lọ́sàn-án, pẹ̀lú Bùsọ́lá lẹ́yìn mi. Nígbà tí Míìsì kọ́kọ́ rí wa, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń tọ́jú ọ̀já ìpọnmọ kan sínú dúrọ́ọ̀, òun ò sì rí ẹni tó ń lò ó rí. Ó yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń ra màlúù.

Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá náà wà. Dúrọ́ọ̀ ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà; òòyà, igbá, ṣíbí igi àti aṣọ ló wà nínú wọn. Wọ́n fi òwú so páálí kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń so àkísà mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ará ilé kejì. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ ọ́ sórí káàdì: orúkọ nǹkan náà, ìlú rẹ̀, ẹni tó lò ó. Ibi ẹni tó lò ó yìí ni kì í sí ohun tí a ó kọ. Mo di orógùn kan mú lọ́jọ́ kan, ọwọ́ obìnrin kan ti jẹ ara rẹ̀ wọlé, mo sì fi ìka mi sínú ipa ìka rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Mo mọ ìyẹn nípa rẹ̀, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Mo rọra dá orógùn náà padà bíi pé ẹni tó ni ín máa tó wọlé.

Ní oṣù yìí, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú níbí. Kùrukùru máa ń ti etí odò wá bo òpópónà, tó fi jẹ́ pé ìró bàtà èèyàn ni mo ń kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà mìíràn ìró náà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò sì ní rí ẹnì kankan. Wọn kì í kí èèyàn. Onílé wa ń pè mí ní Mísìsì, Bàbá Bùsọ́lá ń pè mí ní Ìyá Bùsọ́lá. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó pè mí ní Àjíkẹ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí ìpè náà ti bá mi.

Ní Ọjọ́rú kan, Míìsì gbé àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù wá. Ó ní òyìnbó kan tó rin ilẹ̀ wa já láyé àtijọ́ ló fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn èèyàn sínú wọn. Òyìnbó náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló kó wọn fún yunifásítì. Ó ní òun ti pe akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Èkó, kó wá gbọ́ wọn. Ọmọ Èkó náà ní Yorùbá ni lóòótọ́, àmọ́ kí wọ́n lọ wá àwọn tó ni ín. Lára ọ̀kan, wọ́n kọ Ìkẹ́rẹ́ sí i, kò sí ọjọ́, kò sí ọdún. Inú mi dùn bí ẹni rí ará ilé lọ́jà. Míìsì gbé e sórí giramafóònù, ó ní kí n máa kọ ohun tí mo bá gbọ́, ó sì gòkè lọ po tíì.

Ó kọ́kọ́ ń ṣe ṣàà, bí òjò lórí ewé kòkó. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ adìẹ, mo gbọ́ odó méjì tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan wúkọ́. Ikọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n pè, wọ́n ní Àjíkẹ́ o. Ó dákẹ́. Wọ́n ní Àjíkẹ́ o, wá sí ulé. Ó tún dákẹ́. Wọ́n pè lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fa á gùn bí wọ́n ti máa ń fa á bí inú bá fẹ́ máa bí wọn.

Mo ní òo, Yèyé.

Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù ń yí, ó dákẹ́ ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan. Yèyé wá ní ẹ̀n-ẹ́n, mo gbọ́. Wọ́n ní máa bọ̀.

Bùsọ́lá, tó ti sùn láti òpópónà, gbé orí kúrò lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ìyá mi, ẹ̀yin àti Yèyé lẹ jọ kọ́ wa. Ilé wa kọjú sí àpáta, ohùn ẹni tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló ń ti ara rẹ̀ padà wá. Ẹni tí o kò bá rí ojú rẹ̀, má fi ẹnu jẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ ni kí o fi jẹ́ ẹ. Dìde, lọ wo ẹni tó ń pè. Bí èèyàn bá wà níbẹ̀, kó rán ọ níṣẹ́; bí kò bá sí, o ò tíì fún un ní nǹkan kan. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí mo kígbe òo láti ẹ̀yìnkùlé, tí Yèyé wá gbá mi lẹ́nu, tí wọ́n bi mí pé ta ni mo dá lóhùn. Mo ní àwọn ni. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé àwọn ni.

Nígbà tí Míìsì padà dé, mo ní kó tún gbé e sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Yèyé pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́, wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n ní máa bọ̀, gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ara tù mí díẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ kí n tó lanu. Míìsì ní ẹ̀rọ ayé ìgbà náà kì í gbọ́ ju ohun tó bá sún mọ́ ọn lọ. Ẹni tó dáhùn ní láti jìnnà, bóyá ó wà lọ́nà odò. Ó bọ́gbọ́n mu. Ìgbà tí mo ń rìn lọ sílé nínú kùrukùru ni mo tó bi ara mi léèrè: nínú ilé wa, ta ni yóò fi ẹnu dá Yèyé lóhùn láti ọ̀nà odò?

Mo sọ fún Bàbá Bùsọ́lá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ní Òmùò tiwọn, bí ewúrẹ́ bá pe èèyàn, wọn a dá a lóhùn, kò sì sí ewúrẹ́ tó tíì mú ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdìrì, awo dúdú tó ń yí lórí ẹ̀rọ ló ń lé mi kiri. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mò ń ká aṣọ, òun ń kàwé, a ò pe ẹnikẹ́ni. Bùsọ́lá jókòó nídìí sítóòfù. Ẹ mọ̀ pé kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ju màmá àti búrẹ́dì lọ. Ó gbójú sókè sí fèrèsé, ó ní òo. Ó dúró díẹ̀, ó tún ní òo. Bàbá rẹ̀ ní ó ń sín mi jẹ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde lọ fa aṣọ bo fèrèsé, mi ò sì rán an. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń ṣe é bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú. Bàbá rẹ̀ kò sì mẹ́nu ba ewúrẹ́ mọ́.

Ohun kan wà, Ìyá mi, tí èmi àti ẹ̀yin ò tíì sọ láàárín ara wa. Nígbà àìsàn ìkẹyìn Yèyé, ìdánwò àṣekágbá ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún kan ni Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́ta ni Yèyé fi ń pe Àjíkẹ́, àti pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má ránṣẹ́ sí mi, kí ìdánwò má baà bàjẹ́. Mi ò bínú sí yín. Ìwé ẹ̀rí náà ló gbé mi dé ibi tí mo wà. Àmọ́ wọ́n pè mí, mi ò lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi yá.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí òyìnbó kan gbé àpótí ẹ̀rọ wá sí agbo ilé wa, tí wọ́n ń gún odó méjì? Bí wọn ò bá tíì bí mi, àbúrò Bàbá tí wọ́n fi oríkì rẹ̀ fún mi ni Yèyé ń pè, òun náà ló dáhùn, tèmi kọ́. Bí wọ́n bá ti bí mi, èmi kọ́ ni mo dáhùn, torí ìgbà kan ṣoṣo tí mo dáhùn rí, ìgbájú ni mo gbà. Bóyá ọmọ àlejò ni. Bóyá ìyàwó ilé tí kò tíì mọ ìlànà wa ni. Ẹ̀yin gan-an, ọmọ Adó ni yín, ẹ sì ti sọ fún wa rí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Yèyé fi bá yín jà nítorí fífi ẹnu jẹ́ ìpè. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bá mi dáhùn lọ́jọ́ náà, ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ọkàn mi á balẹ̀. Alààyè kan ṣáà ni kó jẹ́.

Káàdì náà wà lórí tábìlì Míìsì. Mo ti kọ ìlú. Mo kọ orúkọ Yèyé ní kíkún síbi ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Míìsì yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, káàdì tó ní orúkọ èèyàn lára kò pé márùn-ún. Ìlà kan ló ṣófo, ti ẹni tó dáhùn. Ó ní kí n kọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Mi ò kọ ọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà sì ní apá kejì tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́, Míìsì fẹ́ kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo ní mi ò ní yí i títí lẹ́tà á fi dé láti ulé. Kò bínú. Ó kàn ní kó má pẹ́, torí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Mi ò pọn Bùsọ́lá wọ yàrá náà mọ́. Ẹ̀yìn mi ni ibi tí ojú mi ò tó. Iwájú ni mo ń gbé e sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nínú ìwé ìròyìn, bí ẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àpótí òyìnbó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ wá sílé wa ní Ùró, kí ẹ wá sọ fún ìyá mi.

Olúwa á dá ẹ̀yin àti Bàbá sí fún wa. Uṣu ọdún yìí á ta, kòkó á gbó sórí igi, a ò ní fi ojú sunkún ara wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ kí ìyá ẹlẹ́kọ tó máa ń fún mi ní èènì. Bàbá Bùsọ́lá ń kí yín. Ó ní ẹ̀rù ò ba òun, àmọ́ òun ló ra sítáǹbù lẹ́tà yìí.

Èsì yín kò ní láti gùn, orúkọ kan ti tó. Lára àpò ìwé, ẹ má kọ Àjíkẹ́. Débórà ni kí ẹ kọ, títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú. Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá mi, ẹ tètè fèsì.

Èmi ni ọmọ yín,
Débórà, Ìyá Bùsọ́lá.