Ìkẹ́dùn Lórí Ikú Alàgbà Dáníẹ́lì Mákánjúọlá, àti Ẹ̀bẹ̀ Wa Nípa Gègé Rẹ̀

Sí ìdílé Mákánjúọlá, Ṣakí. Pàápàá Ìyá Ìmọ́lẹ̀, opó olóògbé, àti Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Gègé Òkè-Ògùn fi ń bá yín kẹ́dùn ikú Alàgbà Dáníẹ́lì Mákánjúọlá, ẹni tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, tó sì papòdà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. A ò ní fi pa mọ́ fún yín: ó dùn wá dé egungun.

Ẹni tí kò sún mọ́ ọn lè rò pé tíṣà tó fẹ̀yìn tì lásán ni. Nígbà tí báírò ti gba ọwọ́ gbogbo wa, òun ló fi yé wa pé gègé onítàdáwà kò tíì di ohun àtijọ́, pé àwọn ará Jàpáànì ṣì ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é fún oríṣiríṣi ọwọ́. Ó máa ń to gègé àwọn ilé-iṣẹ́ wọn, Pilot, Sailor àti Platinum, sórí tábìlì, láti orí èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin lásán, tí ọmọ ilé-ìwé lè lò, títí dé èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ wúrà. Ẹnu gègé ló ní ká kọ́kọ́ wò, ká tó wo ẹwà ara rẹ̀. Òun ló kọ́ wa pé ẹnu tí àwọn ará Jàpáànì ń pè ní àárín, tínrín ni lójú ẹni tó ti lo ti Jámánì, nítorí pé ìlà pọ̀ nínú lẹ́tà àwọn ará Jàpáànì, wọ́n sì há mọ́ra. Ìdí nìyẹn tó fi bá Yorùbá mu, tí àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ kì í fi í lẹ̀ pọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí tàdáwà ń gbẹ mọ́ wa lẹ́nu gègé, òun náà ló fi Platinum tí ìdérí rẹ̀ kì í gba afẹ́fẹ́ láyè hàn wá.

A ò lè gbàgbé ọjọ́ tó gbé gègé ẹlẹ́nu rírọ̀ fún Alájì Ràsáàkì, alága wa, pé kó dán an wò. Alájì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ báírò, ẹnu gègé sì yà gbàgà bí ẹsẹ̀ adìẹ. Olóògbé kò bínú. Ó ní, “Alájì, ṣé ebè iṣu lẹ ń kọ ni? Ẹ jẹ́ kó máa rìn fúnra rẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin ẹgbẹ́ wa pé kí ẹnikẹ́ni tó gba gègé, yóò kọ oríkì ìyá rẹ̀ àgbà níwájú Alàgbà, kí Alàgbà lè wo bí ọwọ́ onítọ̀hún ṣe wúwo sí.

Bẹ́ẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́ Sàlàkọ́ láti Ogbooro ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, wọ́n sì ti nà án títí nítorí rẹ̀ ní kékeré. Alàgbà wá Pilot kan fún un tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sókè díẹ̀, tí kì í ha ìwé bó ti wù ká dì í mú. Ó ní, “Ìwé ni kó o yí, má yí ọwọ́ rẹ.” Lónìí, kò sí ọwọ́ tó dára tó tirẹ̀ láàárín wa.

Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ẹ mọ gègé dúdú tí kì í kúrò lápò ọkọ yín, Platinum tí ẹnu rẹ̀ là sí mẹ́ta, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ àmì orin. Ó ń nípọn bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń tínrín bó bá ń dábùú. Òun ló fi kọ orúkọ ọmọ Okaka, ọmọ Ìṣẹ́yìn àti ọmọ Ṣakí sára ìwé ẹ̀rí àti ìwé ìgbéyàwó. Nígbà tí a wá kí yín, Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ní kí wọ́n fi í sínú pósí: “Ohun tó fi gbayì láyé, ẹ jẹ́ kó mú un dání.”

Bàbá, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, a sì dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó wọlẹ̀. Olóògbé kọ orúkọ gbogbo ayé, kò sì gbà rí láti kọ tirẹ̀. Bí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, “Ẹlòmíràn ni yóò kọ tèmi.” Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́. A ń bẹ̀bẹ̀ kí Fadékẹ́ fi gègé yẹn kọ orúkọ olóògbé sára pátákó tí yóò wà lórí pósí. Bí ẹ bá rí i tán, tó sì tún wù yín kó bá a lọ, a ó gba kámú.

Ní ti iṣẹ́ rẹ̀, a ti pinnu. Kíláàsì ìkọ̀wé tó máa ń ṣe fún wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò ní í kú. Pálọ̀ Alájì Ràsáàkì ni yóò ti máa wáyé, àyè Ìmọ́lẹ̀ ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbàkigbà tó bá fẹ́. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ohunkóhun tí ìsìnkú bá sì béèrè, ẹ pè wá.

Kí Ọlọ́run tó mọ orúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan dì yín mú, kó nu omijé yín nù, kó má sì jẹ́ kí ilé náà dá páropáro. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ẹ ó bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Fadékẹ́ yóò mú tàdáwà dání.

Ládòkun Ọlátúnjí
Akọ̀wé, lórúkọ Ẹgbẹ́ Gègé Òkè-Ògùn