Àjẹ̀ Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ògiri

Èmi Fọláṣadé, tí mo ń gbé yàrá kejì sí ti Bánkọ́lé ní Ìbàdàn, ni mo kọ ìwé yìí. Bánkọ́lé kò kàwé. Òun ló ń sọ, èmi ń kọ. Bàbá rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí, àgbẹ̀ tó dá oko àgbọn àti ẹ̀gẹ́ ní etí òkun Ìlàjẹ. Ó ní kí wọ́n kà á síta ní èbúté lójú gbogbo ará ilé, nítorí pé lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ kò bá ti wu bàbá náà, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìjà omi. Ẹ̀gbọ́n mi Mojí, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Gbogbo ẹ̀yin àgbà tó wà ní èbúté, mo kí yín. Ẹ bá mi mú Bàbá jókòó kí wọ́n gbọ́ ọ dé òpin.

Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù tí mo ń ṣe ń lọ. Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là. Mo ń jẹun, ṣùgbọ́n n kò rí púpurú gidi. Ohun tó nira fún mi jù ni pé n kì í gbọ́ ìró òkun kí n tó sùn.

Láti ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Mojí ti pè pé òkun ti gbé igi àgbọn tó wà lórí ibojì ìyá wa lọ, inú mi kò dùn. Ìyẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, Músíbáù àti Káyọ̀dé, ṣe ní kí a jáde lópin ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, a lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Mo gbádùn rẹ̀. Mo rí ìkòkò tó ga dé àyà mi, mo rí ère kan tí ojú rẹ̀ jọ ti Ẹ̀gbọ́n Mojí tí inú bá ń bí wọn. Ní yàrá tó kẹ́yìn, mo rí àjẹ̀ kan lórí ògiri, irú èyí tí ẹ fi ń wa ọkọ̀ lọ sóko gan-an.

Ẹ mọ̀ pé nílé wa, a kì í gbé àjẹ̀ kọ́ ògiri àfi tí ẹni tó ni ín bá ti kú. Mo ṣí fìlà. Mo bi ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri pé ta ló kú. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, sà, ohun tí àwọn ará etí òkun ń lò láyé àtijọ́ ni. Mo ní bàbá mi ṣì lò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kí yín. Káyọ̀dé ní kí n dé fìlà mi jàre, pé mo ti fẹ́ sọ ìgbádùn di òkú. Mo dé e, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Àjẹ̀ náà ti gbẹ, ẹnu rẹ̀ ti là bí ètè mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a lọ wo eré orí ìtàgé. Ó dùn, Músíbáù rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Nígbà tó yá, wọ́n pa iná. Àwọn ọ̀dọ́ kan di aṣọ aláró gbọọrọ mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń mì ín, pé omi ló ń bọ̀ wá bo ìlú. Ìró òkun sì jáde láti inú ẹ̀rọ. Bàbá, n kò mọ ìgbà tí mo gbé bàtà mi mọ́ àyà, tí mo ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Músíbáù ní ṣé mo fẹ́ wẹ̀ ni, kí n kúkú bọ́ ṣòkòtò kún un. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló jáde.

Owó tí mo fi ránṣẹ́ kí ẹ fi kó lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mojí ní Igbókòdá, pákó lẹ fi rà, ẹ fi gbé ilẹ̀ ilé sókè. Ẹ ní òkun ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. N kò bínú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe oko lẹ ń ṣọ́. Ẹ ṣèlérí fún ìyá wa pé ẹ kò ní fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a sin wọ́n sí ti di omi báyìí, omi kan náà ló sì lọ dé Igbókòdá. Tí ẹ bá jókòó ní èbúté ibẹ̀, ẹ kò tíì fi wọ́n sílẹ̀.

Bàbá, èmi gbé ẹsẹ̀ níbi tí omi kò sí. Ẹ̀yin tí omi wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀. N kò ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá kó yín bí ẹrù. Ẹ fi ọwọ́ ara yín wa ọkọ̀ yín wá. Yàrá yín ti wà nílẹ̀, mo sì ti bẹ Ẹ̀gbọ́n Mojí kí wọ́n má kan ìṣó àjẹ̀ kankan mọ́ ògiri rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Omi kò ní borí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, àti ẹni tó ka ìwé yìí.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí yín,
Bánkọ́lé. Àmì ìka rẹ̀ nìyí.

Ẹlẹ́rìí: Músíbáù, tó rí bàtà náà.
Ẹlẹ́rìí: Káyọ̀dé, tó rí fìlà náà.